Ẹ̀rọ ayẹṣúgàwò tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ awọ: ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi sí ìyá wa lápá ní Amẹ́ríkà, ṣé ká gbà?

ỌmọOwódé_Ọ̀ffà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn.

Ìyá wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ìtọ̀ ṣúgà sì ti ń bá wọn fà á tipẹ́. Oògùn oníhóró nìkan kò ká a mọ́, abẹ́rẹ́ íńsúlíìnì ni wọ́n ń gbà láàárọ̀ àti lálẹ́. Òru ló ń já wa láyà jù. Láìpẹ́ yìí, àbúrò mi gbọ́ tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ó wọlé, ó bá wọn tí ìró wọn rin gbindin, ojú wọn là sílẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mítà tí a fi ń yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìka wò gbé 41 (mg/dL) jáde, ṣúgà wọn ti wálẹ̀ jù. Ọpẹ́lọpẹ́ ṣúgà tó pò mọ́ omi, tó ń dà á sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Maryland, ìyàwó rẹ̀ ń retí ọmọ, Màmá sì ń lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ó wá ní òun ti rí ojútùú. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Eversense 365. Wọ́n á la apá díẹ̀, wọ́n á ki sẹ́ńsọ̀ bọ abẹ́ awọ, á sì máa ka ṣúgà wọn fún odidi ọdún kan. Ó ní kí wọ́n fi sí wọn lára kí wọ́n tó padà wálé, pé ìyà ìka gígún ti tán nìyẹn.

Màmá ní tiwọn bi mí pé: "Ṣé gbẹ́rẹ́ òyìnbó ni?" Mi ò rí èsì fún wọn. Ta ló mọ̀ nípa ẹ̀?

Nọ́ọ̀sìTáńkẹ̀

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí: ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá wálẹ̀ débi tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́, ẹ má da omi sí i lẹ́nu, kó má baà gba ọ̀fun òdì. Ilé ìwòsàn ni kíá. Tó bá ṣì lè mu nǹkan fúnra rẹ̀, ṣúgà bíi gíráàmù 15, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀rọ tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ wà lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ Senseonics ló ṣe é, ní Germantown, ní Maryland níbẹ̀ gan-an. 2018 ni FDA, àjọ tó ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn wò, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́ta péré ló sì ń lò lára nígbà yẹn. Ní 2022 ó di oṣù mẹ́fà, ní 2024 wọ́n fọwọ́ sí ti ọdún kan. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 ni wọ́n ṣe é fún.

Sẹ́ńsọ̀ náà gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 18, kò sì nípọn ju mìlímítà 3.5 lọ. Dókítà á gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú sí apá òkè, á la awọ díẹ̀, á tì í wọlé, á lẹ ojú rẹ̀ pa. Ẹ̀yin obìnrin tó ti ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí alápá á ti mọ bó ṣe ń rí. Nínú sẹ́ńsọ̀ yìí ni èròjà kan wà tí ṣúgà máa ń so mọ́. Iná kékeré kan ń tàn sí èròjà náà, bí ṣúgà bá sì ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà á ṣe pọ̀ tó. Kò ní bátìrì. Transímítà kan tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ ojú awọ, gẹ́lẹ́ lórí ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà, ló ń fún un lágbára láti ìta. Òun náà ló ń gba èsì, tó ń fi Bluetooth gbé e lọ sórí fóònù ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Wọ́n tún fi òrùka oògùn dexamethasone sí i lára, kí ẹran ara má baà wú mọ́ ọn.

Ní ti ìka gígún tí ẹ̀gbọ́n yín ní ó ti tán, kò tán o. Níbẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa fi ẹ̀jẹ̀ ìka tọ́ ẹ̀rọ náà sọ́nà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì ló máa di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mítà àti sítírípù tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ ìka sí ò ní kúrò nínú àpò Màmá.

BàbáÀjàṣẹ́

Gbogbo lílà-bọ̀-abẹ́-awọ yìí nítorí ṣúgà? Ewúro wà lẹ́yìnkùlé. Kí wọ́n fún un mu ní òwúrọ̀ láìjẹun, kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún òyìnbó. Bàbá mi mu ún títí wọ́n fi dàgbà-dàgbà.

Nọ́ọ̀sìTáńkẹ̀

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ẹ máa jẹ ewúro lọ, ọbẹ̀ dáadáa ni, mo sè é lánàá. Ṣùgbọ́n màmá yìí ti ń gba íńsúlíìnì, ṣúgà tó ń wálẹ̀ jù ló sì ń bá wọn jà lóru. Ẹ bù ú lé e, ẹ tún ń ti nǹkan tó ti ń ṣubú ni.

BàbáÀjàṣẹ́

Èyíinì náà lọ́gbọ́n nínú. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Injíníà_GàáÀkànbí

Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kan, ó sì yára kọjá lórí ẹ̀: kò ní bátìrì. Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí inú Kwara ni Màmá máa ti lò ó.

Tí transímítà ò bá sí lójú apá, sẹ́ńsọ̀ abẹ́ awọ ò ka ohunkóhun. Kò tọ́jú àkọsílẹ̀ kankan de ìgbà tí ẹ máa gbé e padà. Ojoojúmọ́ lẹ gbọ́dọ̀ yọ transímítà sáàjì. Kì í pẹ́, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ wà. Ní ilé tí iná ti ń lọ ọjọ́ mélòó kan láìbọ̀, pawabáǹkì tàbí sólà kékeré di dandan. Oríṣi ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọn kì í kì bọ abẹ́ awọ, ojú apá ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì; ìyẹn ní bátìrì tirẹ̀ nínú, iná kò kàn án, fóònù nìkan lẹ máa sáàjì.

Fóònù ńkọ́? Ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe fóònù tọ́ọ̀ṣì ni Màmá ń lò? Transímítà yẹn lè gbọ̀n lójú apá fúnra rẹ̀ tí ṣúgà bá ń wálẹ̀, ohun tó dáa nínú ẹ̀ nìyẹn, pàápàá fún ẹni tó sùn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àti ọfà tó ń fi hàn bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀, orí fóònù ńlá nìkan lẹ ti máa rí i. Ẹ̀gbọ́n yín náà lè máa wò ó láti Maryland tí dátà bá wà ní Ọ̀ffà. Ẹ múra sílẹ̀ fún ìpè ní aago méjì òru: "Màmá ti jẹ kí ni?"

ÌyáÌbejì_ÒmùÀrán

Mo rẹ́rìn-ín sí ti ìpè òru yẹn. Ọmọ mi ní Kánádà ò jẹ́ kí n simi.

Mi ò lo ti abẹ́ awọ rí. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ apá lọmọ mi máa ń fi ránṣẹ́ tó bá rí ẹni tó ń bọ̀ wálé. Òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí oúnjẹ ń ṣe lára mi, torí mítà máa ń fún èèyàn ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò sọ ibi tó ti ń bọ̀ tàbí ibi tó ń lọ.

Ìyán wa, ẹ̀yin Ìgbómìnà, ẹ dárí jì mí. Mo jókòó ti ìyán ní 118. N ò tíì fọ odó tán tí fóònù fi ké, mo wò ó, 240, ọfà ṣì nàró. Nígbà míì mo jẹ ìdajì rẹ̀, mo fi ẹ̀fọ́ àti ẹran kún àwo dípò òkèlè, mo kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ yẹn ná, mo sì rìn lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn oúnjẹ. Kò kọjá 170. Àmàlà èlùbọ́ náà ń gbé e sókè o. Ẹ má jẹ́ kẹ́ni kankan sọ fún yín pé torí pé ó dúdú ni kò ní ṣúgà nínú. Wàrà díndín ni mo máa ń jẹ tí ebi bá ń pa mí láàárín ọjọ́, ìlà orí fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ mira.

Ìṣòro tèmi ni ooru. Láti oṣù kejì títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀, òógùn ló ń tú gọ́ọ̀mù rẹ̀, ó lè já bọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ti abẹ́ awọ ò lè já bọ́ ní tiẹ̀, mo gbà. Tí transímítà rẹ̀ bá já, ẹ kàn máa tún un lẹ̀ ni, kò bà jẹ́.

Ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé e ju ara yín lọ. Ọjọ́ kan ara mi ń gbọ̀n, fóònù ní 92. Mo gún ìka, mítà ní 64.

Nọ́ọ̀sìTáńkẹ̀

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ rèé, ìyá ìbejì. Àti ti abẹ́ awọ àti ti ojú apá, kò sí èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Omi tó wà láàárín ẹran ara ni wọ́n ń kà, ṣúgà sì máa ń ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ni. Tí ṣúgà bá ń sáré gòkè tàbí tó ń sáré wálẹ̀, ẹ̀rọ lè fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá rìn lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ mítà. Tí ohun tí ara ń sọ bá yàtọ̀ sí ti fóònù, ìka ni kẹ́ ẹ bi.

Apòògùn_Táíwò

Kí n fi ti ọjà wa kún un. Oògùn wà tó máa ń mú kí àwọn ẹ̀rọ yìí purọ́, èyí tó sì ń da ọ̀kan rú lè má da èkejì rú.

Fún Eversense, tẹtirasáìkílìn, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, àti àwọn ìbátan rẹ̀ bíi doxycycline ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Wọ́n lè mú kó máa fi ṣúgà hàn pé ó kéré nígbà tí kò kéré. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí níbí: inú run èèyàn lásán, wọ́n á ní kí ọmọ sáré lọ ra kápúsùlù aláwọ̀ méjì ní ṣọ́ọ̀bù, láìsí dókítà. Tí Màmá bá lò ó pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ yẹn lápá, ẹ̀rọ lè ké pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀, wọ́n á sáré mu ṣúgà tí wọn ò nílò. Tí dókítà bá fún wọn ní oògùn yẹn lóòótọ́, mítà ni kí wọ́n máa tẹ̀lé títí wọ́n á fi lò ó tán.

FreeStyle Libre àti Dexcom wà lára àwọn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú awọ. Ti Libre, fítámì C tó pọ̀ ló máa ń gbé nọ́ńbà rẹ̀ sókè lọ́nà òdì. Ti Dexcom, hydroxyurea ni, oògùn tí wọ́n máa ń fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS. Ẹ máa sọ fún apòògùn yín ohun tó wà lára yín kí wọ́n tó ta nǹkan fún yín. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn èèyàn ṣe ń fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wa.

Kọ́lá_Ẹ̀rìnIlé

Gbogbo yín ń sọ bí wọ́n ṣe máa kì í wọlé. Ta ló máa yọ ọ́?

Ọdún kan á pé. Màmá á ti padà sí Ọ̀ffà. Ṣé wọ́n á tún gba fíísà nítorí nǹkan tí kò tó ìka ọmọdé?

ÌyáTọ́síìn

Kí ló le níbẹ̀? Nọ́ọ̀sì tó ń yọ ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí á yọ ọ́. Wọ́n ń yọ ti wa ní ìlera ìbílẹ̀ lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sìTáńkẹ̀

Ìyá Tọ́síìn, mo ń yọ alápá fún àwọn obìnrin, mi ò sì ní fọwọ́ kan eléyìí. Àwọn tó ń fi sẹ́ńsọ̀ yìí síni lára, wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹ̀ ni, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń wá a tó bá sún kúrò níbi tí wọ́n fi í sí. Dókítà iṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ lè yọ ọ́, n ò sọ pé kò ṣeé ṣe. Àmọ́ kẹ́ ẹ ti bá a sọ ọ́ ṣáájú, kí ìwé tó fi ibi tí wọ́n kì í sí hàn sì wà lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe pé ọdún ti pé tán kẹ́ ẹ wá máa gbé Màmá kiri láti Ọ̀ffà dé Òkè-Òyì, kẹ́ ẹ máa ṣàlàyé fún olúkúlùkù ohun tó wà lápá wọn.

Ohun méjì tún wà tí n ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́, àpá. Ara àwọn mìíràn nínú wa kì í jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ jinná pẹrẹsẹ, ńṣe ló ń wú sókè, ó ń tàn ká. Tí Màmá bá ní irú àpá bẹ́ẹ̀ lára tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sọ fún dókítà, torí lílà kan wà fún wíwọlé, òmíràn wà fún yíyọ, tí wọ́n bá sì fẹ́ máa bá a lọ, ọdọọdún ni. Èkejì, tí wọ́n bá fẹ́ wọnú MRI, ẹ̀rọ onímágínẹ́ẹ̀tì tó ń ya àwòrán inú ara, kí wọ́n sọ pé sẹ́ńsọ̀ wà lára àwọn, kí wọ́n sì yọ transímítà kúrò kí wọ́n tó wọlé.

AlfaGàmbàrí

As-salaamu alaykum. Ààwẹ̀ ni ẹnu mi gbà láti sọ, kí n tó jókòó jẹ́jẹ́.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá ìka gígún tàbí ẹ̀rọ ara apá ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ wà lórí ẹ̀ ni pé kò bà á jẹ́, torí kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe ohun tó ń ròpò oúnjẹ. Ibi tó ń dà mí láàmú ni pé èèyàn á rí nọ́ńbà tán, á sì tún di ẹnu pa. Ìlànà ààwẹ̀ fún onítọ̀ ṣúgà tí IDF, àjọ ìtọ̀ ṣúgà àgbáyé, pẹ̀lú DAR, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìtọ̀ ṣúgà àti Ramadan, gbé jáde sọ pé tí ṣúgà bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju 70 lọ, tàbí tó gòkè ju 300 lọ, kí onítọ̀hún já ààwẹ̀ náà, kódà kó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Al-Kùránì fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní Súrà kejì, pé aláìsàn lè san án ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á fún àwọn màmá wa. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá já ààwẹ̀ ní Àsárì ti jẹ gbèsè ìtìjú.

Ẹni tó ti ń gba íńsúlíìnì, tí ṣúgà rẹ̀ sì ti sọ̀ dé 41, kó tiẹ̀ tó dá ààwẹ̀ lé rárá, kó lọ jókòó ti dókítà rẹ̀ ṣáájú oṣù yẹn.

ÌyáTọ́síìn

Alfa, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n ṣàtakò díẹ̀, ẹ ń fojú kéré ẹ̀rọ yìí.

Ọmọ mi ọkùnrin wà ní yunifásítì. Látìgbà tó ti wà ní kékeré ni oríṣi kìíní ti mú un, èyí tí ara kì í ṣe íńsúlíìnì mọ́ rárá. Nígbà tó wà ní ilé, èmi ni mò ń jí lóru láti gún un níka. Báyìí ó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kì í jí. Fún irú ẹ̀, ẹ̀rọ tó máa gbọ̀n lójú apá rẹ̀ lóru kì í ṣe fàájì. Ó tún ní òun fẹ́ ti abẹ́ awọ torí kò fẹ́ kí àwọn ọmọge máa bi í pé kí ló wà lápá ẹ.

Injíníà_GàáÀkànbí

Ìyá Tọ́síìn, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa òru, mo fara mọ́ ọn. Ti àwọn ọmọge nìkan ni kò bára mu. Transímítà yẹn á ṣì wà lójú apá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè ṣí i kúrò fún wákàtí díẹ̀ kó sì tún gbé e padà, láìsọ sẹ́ńsọ̀ nù. Ti ọ̀sẹ̀ méjì, tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ó parí.

Oríṣi kìíní, ọ̀dọ́ tó mọ fóònù lò, tó ń gbé Ìlọrin: òun ni mo máa fún, tí ìlú wa bá ní ẹni tó mọ̀ ọ́n fi síni lára tó sì mọ̀ ọ́n yọ. Màmá Ọ̀ffà yàtọ̀.

ỌmọOwódé_Ọ̀ffà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n fi nǹkan kan kún un. Màmá ń ta èlùbọ́ àti gàrí ní ọjà Owódé. Bí wọ́n bá kírun Mọ̀ńríbì tán ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ alẹ́ wọn, torí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbàgbé. Wọ́n á wá dúró de àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kí wọ́n tó délé jẹun, nígbà míì ẹ̀kọ tútù kan ṣoṣo ni, wọ́n á ní ó ti rẹ àwọn. Ṣé ó lọ́wọ́ nínú ẹ̀?

Nọ́ọ̀sìTáńkẹ̀

Ó lọ́wọ́ nínú ẹ̀ dáadáa! Irú íńsúlíìnì wo ni? Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n pò pọ̀, tó máa ń dà bíi omi mílíìkì tí ẹ bá yí i lọ́wọ́, kò yẹ kí wọ́n gún un ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ ṣáájú oúnjẹ. Apá kan nínú rẹ̀ á tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, apá kejì á máa ṣiṣẹ́ wọnú òru. Wọ́n gún un ní Mọ̀ńríbì, oúnjẹ dé ní aago mẹ́sàn-án, oúnjẹ náà ò sì tó nǹkan. Kí ló kù tí íńsúlíìnì yẹn máa jẹ?

Ẹ má yí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ padà fúnra yín o. Ẹ gbé Màmá lọ bá dókítà tó ń tọ́jú wọn, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ sọ fún wa yìí gẹ́lẹ́. Títí dìgbà yẹn, kí oúnjẹ alẹ́ tó dára tẹ̀lé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù nínú kúlà. Kí wọ́n yẹ ṣúgà wò kí wọ́n tó sùn, kẹ́ ẹ sì gún wọn níka ní bí aago mẹ́ta òru ní àwọn ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Sẹ́ńsọ̀ olówó ńlá á ké ní aago mẹ́ta òru, kò lè ti ṣọ́ọ̀bù Màmá ní aago méje.

Kọ́lá_Ẹ̀rìnIlé

Ẹ wá gbé ọjà náà wá sí Ẹ̀rìn-Ilé, àwa kì í pẹ́ ní ọjà.

ỌmọOwódé_Ọ̀ffà

Kọ́lá, o ò ní yé dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa.

Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, àfìgbà tí mo bi í ní ìbéèrè Kọ́lá, pé ta ló máa yọ ọ́. Ó dákẹ́. A ti fẹnu kò: wọn ò ní la Màmá lápá. Tí wọ́n bá débẹ̀, ó máa mú wọn lọ rí dókítà, kó kọ èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara fún wọn, kí wọ́n máa lò ó níbẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí Màmá sì mọ̀ ọ́n lò. Èyí tí wọ́n bá rí gbé bọ̀, ká máa lò ó nígbà tí dókítà bá yí oògùn padà tàbí tí ààwẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Owó tó fẹ́ ná lórí ti abẹ́ awọ, mo ní kó fi ra sítírípù àti fóònù ńlá. Àbúrò mi ló ń gbé oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù báyìí. A máa rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí.

Ó ku ẹyọ kan: íńsúlíìnì wọn nínú ọkọ̀ òfúrufú ńkọ́?

Apòògùn_Táíwò

Inú báàgì ọwọ́ ni, pẹ̀lú mítà, nǹkan dídùn díẹ̀ àti ìwé dókítà. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù abẹ́ ọkọ̀, torí ó lè dì níbẹ̀, íńsúlíìnì tó bá sì ti dì rí ti bà jẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tí sítírípù máa gbó lára páálí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Kẹ́ ẹ sì bi dókítà bí wọ́n ṣe máa pín abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ ìrìnàjò, torí aago Maryland fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa.